"Kò hàn" kì í ṣe "kò sí": ibi tí HIV ń sùn sí nígbà tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí mo ń ṣe IT ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn kan, ọ̀kan nínú iṣẹ́ mi ni láti máa to ìwé èsì àyẹ̀wò àwọn tó ń gba oògùn HIV. Màmá kan tó tó màmá mi lọ́jọ́ orí wá gba tirẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ti ka èsì náà fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Bó ṣe ń lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, wọ́n ní kò hàn mọ́. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín lọ, mà." Ó ní ó dáa, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ìdáhùn yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó bi mí. Ìbéèrè ló bi mí, àṣẹ ni mo fún un. Ẹni tí a bá pàṣẹ fún láìsọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá pa àṣẹ mìíràn fún un, ti ẹni ìkẹyìn ni yóò tẹ̀lé. Gbogbo wa la sì mọ irú àwọn tó máa ń sọ fún ènìyàn pé kó da oògùn nù nítorí pé àyẹ̀wò ti jẹ́rìí sí i pé ó ti rí ìwòsàn. Mo ti gba ẹ̀kọ́ lórí fáírọ́ọ̀sì ní 300 level, máàkì mi dáa níbẹ̀, síbẹ̀ n kò lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún màmá yìí ìdí tí ohun tí a kò rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ṣì wà nínú ara rẹ̀. Àlàyé yẹn ni mo fẹ́ gbìyànjú níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí HIV ti ń bímọ. Bíi gbogbo fáírọ́ọ̀sì, kò ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Sẹ́ẹ̀lì tó yàn láàyò ni àwọn tí à ń pè ní CD4, tí wọ́n wà lára ọmọ ogun ara. Tí a bá fi ara wé ìlú, kì í ṣe CD4 ló ń yìnbọn. Òun ló ń fọn fèrè, tó ń sọ fún àwọn yòókù ibi tí ọ̀tá wà àti ìgbà tí wọ́n máa jáde. Ìdí nìyẹn tí àrùn tí kò tó nǹkan fi máa ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ nígbà tí CD4 bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀: àwọn jagunjagun mìíràn ṣì wà, ẹni tó máa pè wọ́n jáde ni kò sí.

Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá wọlé ló mú kó yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn. RNA ni ìwé àṣẹ tó gbé dání. Sẹ́ẹ̀lì tiwa a máa kọ RNA láti ara DNA. HIV a gba òdìkejì lọ, a fi ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ reverse transcriptase kọ DNA láti ara RNA rẹ̀. (Howard Temin àti David Baltimore, kálukú ní yàrá ìwádìí tirẹ̀, ló ṣàwárí ẹ́ńsáìmù yìí ní 1970 lára àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹranko, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ HIV rárá.) Ẹ́ńsáìmù kejì, integrase, a wá gé DNA sẹ́ẹ̀lì náà, a sì há ti HIV sí àárín rẹ̀.

Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, DNA àlejò àti ti onílé ti di ọ̀kan. Ẹ wò ó bí ẹni tó wọ yàrá bàbá àgbà lọ, tó yọ ìwé ilẹ̀ ìdílé nínú àpótí, tó fi irú tàdáwà kan náà kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àárín orúkọ àwọn ọmọ, tó sì dá ìwé náà padà. Kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò jí nǹkan kan gbé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da ìwé náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni orúkọ rẹ̀ yóò jáde.

Wàyí o, kí ni oògùn ń ṣe? Èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò ní Nàìjíríà báyìí ni TLD, oògùn mẹ́ta nínú hóró kan: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Méjì àkọ́kọ́ ń dí reverse transcriptase lọ́wọ́, dolutegravir ń dí integrase lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ni wọ́n ń dènà. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì tuntun kò ní lè kọ DNA rẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ kọ ọ́, kò ní rí i há sínú ti onílé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kó HIV tó sì ń tú ọmọ rẹ̀ jáde kì í pẹ́ láyé, bí ọjọ́ kan sí méjì ni. Bí àwọn yẹn ti ń kú, tí kò sì sí òmíràn tó ń gba ipò wọn, iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ a já wálẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀rọ kò ní rí i kà mọ́. Ohun tí ìwé màmá yẹn ń sọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó ti wà nínú ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Oògùn tó ń dá ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ tuntun dúró kò ní ohun tó máa ṣe sí èyí tí wọ́n ti kọ. Orúkọ náà kò ṣiṣẹ́, kò rìn, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ń bá mi bọ̀ lè sọ pé: tó bá jẹ́ pé ọjọ́ méjì ni sẹ́ẹ̀lì tó kó HIV ń lò, kí a ṣáà dúró, ìwé àti ẹni tó ni ín á jọ lọ. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ṣe rò ó nìyẹn. Ní 1996, nígbà tí àpapọ̀ oògùn mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn tí wọ́n ti ń retí ikú wọn ń dìde lórí ibùsùn, ìrètí gba gbogbo ayé kan. David Ho, Alan Perelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997: bí oògùn bá dí gbogbo ọ̀nà pa, ọdún méjì sí mẹ́ta lè tó láti pa á run. Wọ́n fi kún un pé ìyẹn jẹ́ bí kò bá sí ibòmíràn tó ń sá sí tí àwọn kò tíì mọ̀. Gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà.

Ọdún yẹn náà kò tíì parí tí ibòmíràn ọ̀hún fi yọjú. Ẹgbẹ́ olùwádìí mẹ́ta, ti Robert Siliciano ní Johns Hopkins, ti Douglas Richman ní San Diego àti ti Anthony Fauci ní NIH, gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí oògùn ti bá kòkòrò wọn wálẹ̀ débi tí kò hàn mọ́. Wọ́n ṣa àwọn CD4 tó ń sinmi sọ́tọ̀, wọ́n fi èròjà ta wọ́n jí. HIV jáde. Kì í ṣe àjákù rẹ̀ ló jáde o, èyí tó lè ran sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni.

Irú sẹ́ẹ̀lì wo nìyí tí kì í kú lọ́jọ́ méjì? Ibi tí wọ́n máa ń yára sáré kọjá ní kíláàsì nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Bí CD4 bá pàdé ọ̀tá tó mọ̀, á jí, á pín ara rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, wọ́n á sì jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ogun bá parí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á kú, nítorí ara kò lè máa bọ́ ọmọ ogun tí kò níṣẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ á padà lọ sùn. Àwọn yìí ni sẹ́ẹ̀lì ìrántí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n pẹ́ láyé, kí wọ́n má ṣe nǹkan kan, kí wọ́n sì rántí. Ẹni tó bá ti gba pápákọ̀ òfurufú rìnrìn àjò mọ káàdì yẹ́lò. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni káàdì náà fi ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù Keje 2016 ló ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó ni ín, nítorí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé rí i pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ẹyọ kan ṣoṣo máa ń tó. Irú ìrántí ara báyìí ló fà á.

Bí HIV bá mú sẹ́ẹ̀lì kan ní àsìkò tó ń padà lọ sùn, ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. HIV ráyè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, onílé ti pa iná. Ohun tí HIV ń lò láti tan ara rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ti sẹ́ẹ̀lì ni. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ NF-κB, ó sì máa ń wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá jí. Tí onílé bá sùn, àlejò náà sùn. Kò tú nǹkan kan jáde, kò sì gbé àmì kankan sí ìta sẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọ ogun yòókù fi lè dá a mọ̀. Oògùn kò rí iṣẹ́ tó máa dí, ọmọ ogun kò rí ọ̀tá tó máa pa. Ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà bá sì tún gbúròó ọ̀tá àtijọ́ tó jí, àwọn méjèèjì ló jọ jí.

Kòkòrò apa-sójà-ara ni rédíò máa ń pe HIV. Orúkọ náà dára, kò sì sí bí a ṣe lè gbọ́ ọ tí a ò ní mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Àwọn sójà tó pa ti kú, wọ́n sì ti bá a lọ. Àwọn tí kò pa ló kù tó ń dá wa láàmú. HIV kò kọ́ ibi ìsápamọ́ fún ara rẹ̀. Inú ìrántí ara ló lọ sùn sí, níbi tí ara ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò pé nǹkan kò gbọdọ̀ tètè bàjẹ́.

Wọn kò pọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan CD4 tó ń sinmi ni wọ́n rí tó tú HIV jáde nígbà tí wọ́n ta á jí. Ẹgbẹ́ Siliciano tún tọ àwọn aláìsàn kan lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì rí i pé iye sẹ́ẹ̀lì yìí ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí oṣù 44. Ẹ mú bírò. Ká ní mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ ló wà lára ènìyàn. Kí mílíọ̀nù kan tó di ẹyọ kan, ẹ óò pín in sí méjì ní nǹkan bí ìgbà 20. 20 lọ́nà 44 jẹ́ oṣù 880. Ó lé ní ọdún 73, lórí oògùn, láìfo ọjọ́ kan.

Kí ló dé tó fi lọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Ní 2014, wọ́n rí i lára àwọn tó ti pẹ́ lórí oògùn pé sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ló ní DNA HIV ní ojú kan náà gẹ́lẹ́ nínú DNA tiwọn. Bẹ́ẹ̀, kò sí bí integrase ṣe lè ṣèèṣì yan ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Sẹ́ẹ̀lì kan ló pín ara rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, á da gbogbo DNA rẹ̀ kọ, ti HIV á sì bá a wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, láìlo reverse transcriptase, láìlo integrase. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń dà kọ nìyẹn. TLD kò lè dí i, nítorí ẹ̀rọ tiwa ló ń dà á kọ. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń kú ń kú lọ, àwọn kan sì ń pọ̀ sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà kí n má bàa dẹ́rù bani ju bó ṣe yẹ lọ: èyí tó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú àwọn DNA HIV tí à ń rí lára ẹni tó ń lo oògùn ló ti bàjẹ́. Reverse transcriptase kì í kọ̀wé dáadáa, ó máa ń fo ọ̀rọ̀. Òkú ìwé ni wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó pé díẹ̀ náà ti tó.

Ọmọdé kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ayé mọ bí "díẹ̀" yẹn ṣe lè kéré tó. Wọ́n bí i ní 2010 fún ìyá tó ní HIV tí kò sì rí oògùn lò nínú oyún. Kí ó tó pé wákàtí 31 láyé, wọ́n ti fún un ní oògùn mẹ́ta. Nígbà tó tó bí oṣù 18, wọn kò rí òun àti ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mọ́, oògùn sì dúró. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn dókítà rò pé wọ́n máa bá kòkòrò tó ti gba gbogbo ara. Wọn kò bá nǹkan kan. Ní oṣù Kẹta 2013, Deborah Persaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn náà jáde, àwọn oníròyìn sì sọ pé ọmọ náà ti gba ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kò sí. Oṣù 27 ló lò láìlo oògùn, ara rẹ̀ le, ó ń ṣeré. Ní oṣù Keje 2014, wọ́n kéde pé HIV ti padà. Níbo ló wà ní oṣù 27 yẹn? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan péré tó sùn, tí kò sí àyẹ̀wò tó lè rí wọn nínú ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà lára ọmọdé.

Ẹ rántí pé CD4 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kéré sí èyí tó wà nínú ìfun àti nínú àwọn kókó tó máa ń wú ní ọrùn àti abíyá. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan kì í ṣe ara.

Ṣé kò sí ẹni tó bọ́ rí? Ó wà. Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Berlin, ní HIV, ó tún wá ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2007, àwọn dókítà pa mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ run, wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹni tí CCR5, ilẹ̀kùn tí HIV sábà máa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, kò sí lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti ìbí. Ó dá oògùn HIV dúró, kòkòrò náà kò sì padà wá títí tí jẹjẹrẹ fi pa á ní 2020. Àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn rẹ̀ kò ju iye tí a lè fi ìka kà. Ìdí ni pé ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ lè pani, kò sì sí ẹni tó máa ṣe é fún ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ. Èkejì, ìyípadà CCR5 yẹn wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ará àríwá Yúróòpù. Láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí i.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbìyànjú ni pé kí wọ́n jí èyí tó ń sùn nígbà tí oògùn ṣì wà lára, kí sẹ́ẹ̀lì tó gbé e lè fara hàn, kí ara sì pa á. Ní 2012, ẹgbẹ́ David Margolis ní North Carolina fi vorinostat, oògùn jẹjẹrẹ kan, dán an wò. HIV ta pútú, RNA rẹ̀ pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò dín kù. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Èyí tiẹ̀ tún burú díẹ̀, nítorí wọ́n jí i, ó lanu, kò sì sí ẹni tó wá mú un. Àwọn mìíràn ń wá bí wọ́n ṣe lè jẹ́ kó sùn lọ títí ayé. Èmi fúnra mi rò pé ìyẹn lè tètè dé ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Títí di ìgbà yẹn, oògùn ojoojúmọ́ ló kù, ó sì ń ṣe ju kí ó kàn dá ẹ̀mí sí lọ. Nínú ìwádìí PARTNER ní Yúróòpù, láàárín àwọn olólùfẹ́ tí ọ̀kan ní HIV tí kò hàn, tí èkejì kò sì ní in, tí wọ́n jọ ń sùn láìlo rọ́bà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára ẹnì kejì rẹ̀. Èyí tó ń sùn nínú ìrántí kò lè ran ẹlòmíràn nígbà tí oògùn bá wà lára. Ìhà yìí ni inú màmá yẹn dùn sí, òótọ́ sì ni.

Tí oògùn bá dúró ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló ń gbà kí HIV tún hàn. Sẹ́ẹ̀lì kan ló jí. Ìwádìí SMART, tó kó èèyàn tó lé ní 5,000 jọ, dán an wò bóyá a lè máa sinmi oògùn nígbà tí CD4 bá ti pọ̀ tó. Ní 2006 wọ́n dá ìsinmi náà dúró, nítorí àìsàn àti ikú ń pọ̀ láàárín àwọn tó ń sinmi ju àwọn tó ń lò ó lọ láìdúró. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 pé àwọn dá ìrànwọ́ sí òkè òkun dúró fún 90 ọjọ́, ẹ̀rù ba ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìrántí, nítorí ètò PEPFAR wọn ti ń ra oògùn HIV fún Nàìjíríà láti bí ogún ọdún. Wọ́n padà yọ oògùn tó ń gba ẹ̀mí là kúrò nínú òfin náà. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ kò jọ nǹkan lójú ẹni tó ń ka ìnáwó. Fún sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn, ó ju àkókò tó nílò láti jí lọ.

IT mi ti parí kí ọjọ́ tí màmá yẹn máa tún wá gba oògùn tó pé. Mo kọ àlàyé ìwé ilẹ̀ yìí ní ojú ìwé mẹ́ta, mo fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn níbẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n gé e kúrú, ẹni tó dúró lórí ìlà láti aago méje kò ní ka ojú ìwé mẹ́ta. Mo ṣì ń gé e lọ́wọ́.